Ọjọ́ Tí A Ṣí Ìgò

Wọ́n ní kí n kọ òfin ààbò tuntun tí a óò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn láàbù wa. Mo kọ ọ́: kí oníkálukú wọ kóòtù láàbù, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fi gíláàsì bo ojú, kí ẹnikẹ́ni má jẹun níbi tí kẹ́míkà wà, kí wọ́n má fi ẹnu fa pípẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo kà á láti òkè délẹ̀, mo rí i pé ẹni tó wà nínú láàbù ni gbogbo rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún. Kò sí ẹyọ kan tó mẹ́nu ba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo wa bá ti tilẹ̀kùn, tí a ti lọ sílé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì tíì lè fọwọ́ sí ìwé òfin náà.

Peroxide ni ohun tó ń dí mi lọ́wọ́, ohun tó lè bú gbàmù tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń dá sílẹ̀ nínú àwọn olómi láàbù kan. Ọ̀pọ̀ ewu inú láàbù ló ń dúró de ẹni tí yóò ṣi ọwọ́ ṣe: ẹni tí yóò da ásíìdì nù, ẹni tí yóò gbàgbé iná. Peroxide kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí ìgò ether, olómi tí a fi ń fa ohun inú igi àti ewé jáde, ẹ lo díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ dé e padà bó ṣe yẹ, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tì í. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe ló dára. Síbẹ̀, ohun tó wà nínú ìgò náà yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹ bá sì fi padà wá mú un, kì í ṣe ohun tí ẹ gbé síbẹ̀ ni ẹ óò bá.

## Iṣẹ́ afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹ̀gúsí lílọ̀ pẹ́ jù rí, tó tọ́ ọ wò tó sì rí i pé ó ti korò, ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ti wọ inú epo ẹ̀gúsí náà. Irú iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe nínú ether. Kábọ́ọ̀nù tó fara ti ọ́síjìn lára ether kì í di háídrójìn tirẹ̀ mú gírígírí. Ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru díẹ̀ lè já ọ̀kan kúrò. Ojú ibi tó já yẹn yóò gba ọ́síjìn mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, yóò sì lọ já háídrójìn gbà lára ether mìíràn, ló bá di peroxide. Ether kejì náà ti wá di aláìpé. Òun náà yóò gba ọ́síjìn, yóò já ti ẹlòmíràn gbà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ran ara wọn lọ.

Ẹ̀gúsí tó korò, ahọ́n yóò mọ̀ ọ́n. Peroxide inú ether kò ní àwọ̀, òórùn ether kò sì ní jẹ́ kí imú mọ̀ pé nǹkan kan ti yàtọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ether ń tètè fò lọ, peroxide kì í tètè fò. Ether ń hó ní 34.6°C. Bí a bá gbé e ka omi gbígbóná kí a lè gba ohun tó yòrò sínú rẹ̀, ether ń lọ, peroxide ń ṣẹ́kù, ó sì ń nípọn sí i nínú ìwọ̀nba olómi tó kù, títí yóò fi di òun nìkan ló wà nísàlẹ̀ fláàsìkì gbígbóná. Ibẹ̀ ló ti ń bú gbàmù. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú olómi bẹ́ẹ̀ gbẹ tán lórí iná láé.

Àwọn olómi láàbù mìíràn, THF, dioxane àti cyclohexene, náà wà nínú agbo yìí. Inú ìgò wọn kọ́ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣọṣẹ́, ìgbà tí a bá gbé wọn kaná ni. Diisopropyl ether, tó jẹ́ ìbátan ether, ní tirẹ̀ kò dúró de iná rárá. Peroxide tirẹ̀ lè dì bí iyọ̀ sí ọrùn ìgò, lábẹ́ ìdérí, tó fi jẹ́ pé yíyí tí ẹnìkan fẹ́ yí ìdérí náà ti tó láti mú un bú. Oṣù mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún un lẹ́yìn tí a bá ṣí i. Bó bá jẹ́ tèmi ni, láàbù tí kò bá ní ìdí pàtàkì fún un kò ní rà á rárá. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni isopropanol, tí a fi ń nu tábìlì, tí ọ̀pọ̀ láàbù kó jọ rẹpẹtẹ nígbà kòrónà. Òun náà ń ṣe peroxide bó bá pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń falẹ̀. Petroleum ether tí a fi ń yọ ọ̀rá oúnjẹ nínú Soxhlet, ohun èlò onígíláàsì tí a ń lò fún iṣẹ́ yẹn, ní tirẹ̀ kì í ṣe ether; inú epo rọ̀bì ló ti wá. Iná rẹ̀ ni kí a máa bẹ̀rù, kì í ṣe peroxide.

## "Mo ti wọ ìbọ̀wọ́, Mà"

Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Kí a tó bọ́ nínú ti 2020 tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, tó sì di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì kó tó parí, èyí ti dé. Gbogbo ènìyàn ló ka ohun tí ìyanṣẹ́lódì náà bàjẹ́: ọdún àwọn ọmọ, owó oṣù, ìwádìí tó dúró láàárín ọ̀nà. Mi ò rántí pé mo gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìgò mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí a wọlé padà tí ọmọkùnrin kan tó ń ṣe másítà wá bá mi. Èèpo igi kan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ó sì fẹ́ fi ether fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ether kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣì kù tó ìdajì. Ṣé mo lè lò ó?"

"Ìgbà wo ni wọ́n ṣí i?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"Má tíì fọwọ́ kàn án o. Jẹ́ kí n wá wò ó níbi tó wà."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ náà láìgbé e nílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, lábẹ́ ìdérí, bóyá ohun funfun kan ti gbẹ mọ́ ọn. Kò sí. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ohun kan ti dì síbẹ̀ bí hóró iyọ̀, tàbí bóyá olómi náà ti pín sí ìpele méjì. Kò sí ìyẹn náà. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ lébẹ́ẹ̀lì, ní bírò búlúù tó ti ń ṣá: "20/1/22", wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìkọ̀wé náà. Ti Bàbá Stọ́ọ̀ ni, ẹni tó ń tọ́jú stọ́ọ̀ wa nígbà náà. Òǹkà 2 tirẹ̀ máa ń ní ìrù gígùn.

Nítorí ọjọ́ yẹn la fi lè ṣe ohun tó kàn. Ether tí a ṣí, oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá ni wọ́n sábà máa ń fún un, pẹ̀lú àdéhùn pé a óò máa dán an wò láàárín ìgbà náà. Tiwa ti kọjá oṣù mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó dán an wò torí pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Ṣùgbọ́n a mọ iye tó jẹ́. Mo rọra ṣí i lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín, mo ki bébà ìdánwò bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo jẹ́ kí ether ara rẹ̀ fò lọ, mo wá mí sí i lára, nítorí bébà náà kì í ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀rinrin. Igun rẹ̀ tó funfun yí sí búlúù lójú wa. Nígbà tí mo fi wé àwọ̀ ara páálí rẹ̀, ó wà láàárín 30 àti 100 mílígíráàmù nínú lítà kan.

Mo bi ọmọ náà pé kí ló fẹ́ ṣe lẹ́yìn tó bá ti fa èèpo igi rẹ̀ tán. Ó ní òun fẹ́ gbé e ka omi gbígbóná kí ether lè lọ pátápátá, kí òun lè wọn ohun tó bá kù. Mo ṣàlàyé ohun tí ì bá kù mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ fláàsìkì náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti wọ ìbọ̀wọ́, Mà."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Òótọ́ sì ni, ó ti wọ̀ ọ́. Ó wọ kóòtù, ó fi gíláàsì bojú, ó béèrè kó tó mú nǹkan. Kò sí òfin kan tí a kọ́ ọ tí kò pa mọ́. Ohun tí a kò kọ́ ọ ni pé ìgò náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀, àti pé ọjọ́ orí náà jẹ́ ara ewu inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ti jẹ́.

A kò lo ether náà. Díẹ̀díẹ̀ la fi ferrous sulphate tí a pò mọ́ omi àti ìwọ̀nba ásíìdì fọ̀ ọ́, iyọ̀ irin kan náà tí wọ́n ń fún àwọn aboyún ní kílíníìkì. Ó ń fọ́ peroxide túútúú. A tún un dán wò títí bébà fi funfun, a wá dà á sínú dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí kẹ́míkà. Ọjọ́ iṣẹ́ ọmọ náà lọ síbẹ̀, kò sì ráhùn.

Bàbá Stọ́ọ̀ kò ka kẹ́mísírì. Ó ti fẹ̀yìntì kí ìyanṣẹ́lódì náà tó parí. Gbogbo ohun tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló máa ń kọ ọjọ́ sí: ìgò ásíìdì, páálí bébà, títí kan iyọ̀ tí kò lè bàjẹ́ láyé. Àwọn kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kì í bá ṣe òǹkà márùn-ún tó kọ yẹn, èmi ì bá má ṣí ìgò náà rárá, èmi ì bá má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

## Èyí tó mọ́ jù lọ

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe olómi wọ̀nyí mọ̀ nípa ewu yìí, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń fi sí i. Nínú THF, BHT ni, nǹkan bíi mílígíráàmù 250 nínú lítà kan. BHT kan náà ni wọ́n ń fi sínú ọ̀rá àti oúnjẹ inú páálí kó má baà tètè bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, ẹ lè rí E321. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi háídrójìn tirẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó fẹ́ já ti THF gbà, ìjà náà á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gba ìyà jẹ ni òun náà ń tán lọ. Ọjọ́ tó bá tán, kò sí ohun tó ń ṣọ́ ìgò mọ́.

Ibí yìí ni mo ti rí ohun kan tó yẹ kí gbogbo láàbù wa sọ sókè. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ HPLC ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń ya ohun inú olómi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń wọ̀n wọ́n, kì í fẹ́ BHT nínú THF wọn, torí pé ẹ̀rọ náà ń rí i, ó sì ń da èsì wọn rú. Nítorí náà wọ́n ń ra èyí tí kò ní in, tí owó rẹ̀ ga jù, tí wọ́n sì ń pè ní èyí tó mọ́ jù. Ó mọ́ lóòótọ́. Òun náà ló sì máa ń tètè ṣe peroxide jù, torí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún olómi tí a bá tún sè fúnra wa kó lè mọ́ sí i, tàbí tí a dà gba inú alumina, lúbúlúbú funfun tí a fi ń sẹ́ olómi, kọjá: a ti yọ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dànù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ sókè pátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pé olówó iyebíye ni, kí ẹnikẹ́ni má lò ó àyàfi tó bá di dandan. Ìpamọ́ yẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di ewu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, tí William Morton ti fi ether kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ní gbangba ní Boston, ni ilé ìwòsàn ti di oníbàárà ether. Àwọn tó ń ṣe ether fún wọn wá kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń dà á sínú agolo tí wọ́n fi bàbà tẹ́ nínú, kí peroxide má baà ráyè.

## Ìgò ńlá nínú ilé ọ̀wọ́n

Mo mọ ìdí tí a fi ń kó nǹkan pa mọ́. Òkè òkun ni olómi wọ̀nyí ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń ná an, ìwé owó lè gba oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá rí owó gbà lónìí kò mọ ìgbà tí yóò tún rí òmíràn, ló bá ra ìgò 2.5 lítà, torí pé iye owó lítà kan dínkù níbẹ̀. Mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìgò ńlá tí a ń lò díẹ̀díẹ̀, ojoojúmọ́ ni afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Bí ether ṣe ń dínkù ni ààyè ń gbòòrò fún ọ́síjìn. Ìgò 500 mílílítà márùn-ún lè wọ́n díẹ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n mẹ́rin yóò wà ní títì bí wọ́n ṣe wá nígbà tí a bá ń lo ọ̀kan. Bí a bá ṣírò owó tí a fi ń wá ibi da olómi tó ti bàjẹ́ sí, ìgò kékeré ló dínwó jù. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí le láti sọ níwájú ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé owó. Síbẹ̀, a ní láti máa sọ ọ́.

Olómi tí wọ́n bù láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ìgò lásán lọ́jà kẹ́míkà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sí ọjọ́ kankan lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá BHT ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá wọlé ni kí a ti dán an wò, kí a sì kà á sí ohun tó ti pẹ́.

Fíríìjì sì kọ́ ni ojútùú. Òtútù lè fa ọwọ́ peroxide sẹ́yìn, kò lè dá a dúró. Fíríìjì ilé lásán sì léwu fún ether, nítorí pé iná kékeré lè ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń tan ara rẹ̀, èéfín ether ò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti gbiná. Ẹ tún fi ti iná mànàmáná tiwa kún un. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ìdérí tó dì, ibi tó ṣókùnkùn tí oòrùn ọ̀sán kì í bá, àti náítírójìn tí a fẹ́ sínú ìgò kí a tó dé e, níbi tí agbára bá gbé e dé. Ní Ìbàdàn, ọ̀sán oṣù kẹta lè dé ibi tí ether ti ń hó láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná. Kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri tí oòrùn ń rọ̀ sí kì í ṣe ibi ìpamọ́.

## Ta ni yóò máa ka ọjọ́?

Àwọn kan yóò ní bébà ìdánwò wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n potassium iodide wà ní ọ̀pọ̀ láàbù wa. A ó yọ́ mílígíráàmù 100 rẹ̀ sínú mílílítà kan glacial acetic acid, ásíìdì inú ọtí kíkan tí kò ní omi nínú, a ó da mílílítà kan ether mọ́ ọn. Bó bá di àwọ̀ ìyeyè (yẹ́lò), peroxide wà níbẹ̀. Bó bá di pupa rúsúrúsú, ó ti pọ̀. Iodine ló ń jáde yẹn, iodine kan náà tí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń kán sórí iṣu láti wá sítáàṣì. Kò sí láàbù tó lè sọ pé òun kò ní agbára èyí. Ohun tí a kò ní ni ẹni tí yóò rántí pé ó yẹ kí a ṣe é.

Ìgò kan wà tí ìdánwò kò sí fún. Èyí tí ohun funfun ti gbẹ mọ́ lọ́rùn, tí hóró ti dì sí nísàlẹ̀, tàbí tó ti pẹ́ tí a kò mọ ìgbà tí a ṣí i: kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí ẹnikẹ́ni má nu eruku ara rẹ̀. Kí a tilẹ̀kùn yàrá náà, kí a pe àwọn tó mọ bí a ṣe ń gbé ohun tó lè bú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìgò tó bá dé ibi yìí ti kọjá ohun tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí tèmi lè ká.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó wọ inú òfin wa ju ohun tí bébà ara ilẹ̀kùn lè gbé lọ. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé bí ìkìlọ̀ ìyanṣẹ́lódì bá ti dé, kí a tó ti ilẹ̀kùn kankan, ẹni méjì yóò ti gba iwájú kọ́bọ́ọ̀dù kọjá pẹ̀lú ìwé. Ìgò tí ọjọ́ rẹ̀ lè pé nígbà tí a ò sí níbẹ̀, kí a lò ó tán, tàbí kí a fọ peroxide rẹ̀ kí a sì dà á síbi tó yẹ. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnìkan máa wọlé lóṣooṣù fún ìdánwò yìí nìkan. Kò ní ba ìjà wọn jẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, kódà nígbà tí a bá ń bá onílé jà.

Èyí tó kù ni pé láti ìgbà tí Bàbá Stọ́ọ̀ ti fẹ̀yìntì, wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni sípò rẹ̀. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn ló ń pín iṣẹ́ náà mọ́ra, ohun tí gbogbo ènìyàn bá sì pín, ẹni tó bá ráyè ló ń ṣe é. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀ka wa pé kí wọ́n gba olùtọ́jú stọ́ọ̀ kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé òun ló ni ọjọ́ ara ìgò: ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tí a ṣí i, ọjọ́ tí a dán an wò kẹ́yìn àti iye tí a rí. Wọn ò tíì dá mi lóhùn. Ní báyìí, ọmọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ èèpo igi lọ́jọ́sí ti di ọmọ Ph.D., òun ló sì ń bá mi ṣe àyẹ̀wò náà ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Òun ni ó ń kọ ọjọ́, èmi ni mò ń ki bébà bọ ìgò.